Ìdánwò CAP ní ọmọ ọdún 52

Ìwé ìbí mi sọ pé wọ́n bí mi "vers 1973". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà. Akọ̀wé kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó fojú díwọ̀n mi, ó sì kọ ohun tó rò pé ó bá mi mu. Ìyá mi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí rédíò kéde pé àwọn sójà ti gba ìjọba ní Kútọnu, mo ti ń rákò kiri inú ilé, ọjọ́ náà gan-an ni mo sì ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 1972 ni Kérékou, olórí àwọn sójà náà, gba ìjọba. Ọmọ tó ń rákò lọ́jọ́ náà kò lè jẹ́ pé ọdún 1973 ni wọ́n bí i. Ó túmọ̀ sí pé ìjọba ti fún mi ní ọdún kan tí kì í ṣe tèmi, láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo sì ti ń ṣírò bí n óò ṣe ná an.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. CEAP, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tó kéré jù, ni ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ tí mo ní, òun ló sì fi mí sí kátégórì C láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá wà ní C, ọmọ ọdún 55 ló ń fẹ̀yìntì. Ẹni tó bá gba CAP, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tó ga jù ú lọ, tó sì bọ́ sí B, ó di 58. Lójú ìwé, ọmọ ọdún 52 ni mí. Ó ku ọdún mẹ́ta kí wọ́n sọ fún mi pé ó dàbọ̀, tàbí ọdún mẹ́fà bí mo bá tún jókòó ṣe ìdánwò tí mo sì yege. Ohun tí mo ti ń rò láti ìgbà tí ọ̀yẹ́ ti dé nìyẹn, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọ iṣẹ́ yìí. Mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àpò ìjọba gbẹ, àwọn ilé ìfowópamọ́ wó, owó oṣù kò jáde déédéé mọ́, wọ́n sì dẹ́kun gbígba òṣìṣẹ́ tuntun. Àwọn ENI, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níṣẹ́, ti ilẹ̀kùn wọn, wọn kò sì ṣí i padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 yí ìjọba padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bí olùkọ́ kankan. Àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, àwọn olùkọ́ ń fẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó ń rọ́pò wọn. Ìgbà náà ni àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn: wọ́n á wá ẹni tó ní BEPC, ìwé-ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ládùúgbò, wọ́n á dá owó jọ, wọ́n á sì fi í síwájú àwọn ọmọ wọn. Communautaire ni wọ́n ń pe irú wa.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1997, àwọn òbí abúlé kan ní apá ibodè Nàìjíríà ránṣẹ́ pè mí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́fà lóṣù ni àdéhùn wa, kì í sì í pé. Bí àgbàdo bá jáde, àgbàdo ni wọ́n fi ń san án. Mo rántí oṣù kan tí wọ́n gbé ìgò epo pupa márùn-ún àti àkùkọ kan wá fún mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, tí àkùkọ náà sì ń kọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu láti pe àpèkọ fún àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Mo ń ṣe bí mẹ́tìrì, olùkọ́ tó kọ́ èmi náà, ṣe máa ń ṣe, àfi ti pàṣán nìkan ni mi ò bá a lọ. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìlànà ìkọ́ni tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní approche par compétences, wọ àwọn ilé-ìwé, àwọn àgbà olùkọ́ sì ń kérora pé ó ti da ohun tí àwọn kọ́ ní ENI rú. Èmi ò kérora. Mi ò mọ ti àtijọ́, mi ò mọ tuntun, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú mi.

Ní ọdún 2006, ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ọjọ́ tí a wọlé lọ́dún náà, mo ka ọmọ 74 ní CI mi, kíláàsì àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà tó parí sí CM2; méjì nínú wọn gbé àbúrò wọn pọ̀n wá. Nígbà tó di ọdún 2008, wọ́n kó àwa communautaire wọ inú iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ alágbàṣe fún ìjọba. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba owó oṣù ní báńkì, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọ̀nà, mo sì padà lọ bi akọ̀wé báńkì léèrè bóyá kò ṣì í kà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń pè wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìsinmi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí mo fi gba CEAP. Bí ẹni tó ti bí ọmọ mẹ́rin kí ó tó ṣe ìgbéyàwó ni. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì rò pé ó ti tó.

Ní ọdún 2017 ni mo kọ́kọ́ jókòó fún CAP. Ìdánwò yìí ní apá ìkọ̀wé, ó ní apá ìṣe nínú kíláàsì, ó sì ní ti àfẹnusọ. Mo yege nínú ìkọ̀wé. Nígbà tí ó kan ti ìṣe, àwọn aṣèdánwò mẹ́ta wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi ní CE1, kíláàsì kẹta, lórí àga tí a yá ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí nítorí pé bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéré jù fún wọn. Ìṣirò ló bọ́ sí mi lọ́wọ́: 32, ká yọ 17 kúrò níbẹ̀.

Ohun tí fíṣì mi, ìwé tí a ń kọ ètò ẹ̀kọ́ sí, sọ ni pé kí n to nọ́ńbà méjèèjì lórí ara wọn, kí n sọ fún àwọn ọmọ pé a kò lè yọ 7 kúrò lára 2, kí a lọ yá mẹ́wàá kan lọ́wọ́ 3, kí 2 di 12, gbogbo rẹ̀ lédè Faransé. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un sọ. Àwọn ọmọ ń wò mí bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń wo òjò. Ọmọkùnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì kejì tí bọ́tìnnì kan ṣoṣo kù lára kakí rẹ̀. Ó ń fi ìka ọwọ́ ka nǹkan lábẹ́ tábìlì, nígbà tí ìka tirẹ̀ sì tán, ó fa ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í, ó ń bá a lọ.

Mo bi í lédè wa pé: "Báwo lẹ ṣe ń pe dix-sept nílé yín?"

Ó ní: "Ẹ́tàdínlógún."

"Kí ló wá dín níbẹ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ́ta ló dín."

"Nínú kí ni?"

"Nínú ogún."

Mo ní ó dáa, kí gbogbo wọn bá mi yọ ogún kúrò nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Wọ́n pariwo pé méjìlá. Mo ní ṣùgbọ́n ẹ́tàdínlógún ni wọ́n ní ká yọ, ogún la wá yọ, a ti yọ ju bó ti yẹ lọ. Kí la máa ṣe sí ẹ́ta tí a mú lé e? Ọmọbìnrin kan tó jókòó nídìí ògiri, tí kì í sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹwàá, ló sọ pé ká dá a padà fún wọn. Méjìlá, ẹ́ta lé e. Wọ́n gbé síléètì sókè, 15 ló wà lára gbogbo rẹ̀, àfi ti ọmọ kan tó kọ 51, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ má bínú bí mo bá dúró díẹ̀ níbí, nítorí ó ń dùn mọ́ mi títí dòní. Ọmọ Yorùbá kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì tó ti ń yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan lẹ́nu. Ẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n kọ sára síléètì yẹn, márùn-ún ló dín nínú ogún. Àádọ́ta, ọgọ́ta ni tó dín mẹ́wàá, ọgọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Bí o bá ní kí ọmọ pe 45, ó ti yọ márùn-ún lára àádọ́ta tó ti kọ́kọ́ yọ mẹ́wàá lára ọgọ́ta kí ó tó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ni a óò mú un dé ilé-ìwé, a óò sì sọ fún un pé àyọkúrò le.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré, àwọn aṣèdánwò pè mí jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, bi mí pé kí ló dé tí mo fi fi ìlànà tó wà lórí fíṣì mi sílẹ̀. Mo dá a lóhùn pé nítorí kò yé wọn. Ó ní èyí tí mo wá ṣe ńkọ́? Mo ní ó yé wọn. Ó ní: "Madame, mo rí i pé ó yé wọn. Ohun tí mo ń bi yín ni pé kí nìdí tó fi yé wọn, àti pé ibo lẹ fẹ́ mú wọn gbà padà sí ìlànà tí wọn yóò lò ní CM2." Mo la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Mo gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń pariwo bọ́ọ̀lù níta, mo gbọ́ bí aago ọwọ́ mi ṣe ń ró, mo sì tún sọ pé ó kúkú yé wọn, bí ẹni tí wọ́n mú pẹ̀lú ẹrù olẹ́rù.

Mo fìdí rẹmi. Fún ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé èdè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ mí, pé wọ́n kórìíra Yorùbá. Àwọn èèyàn máa ń mi orí, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyà ńlá gbáà ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn kò mẹ́nu ba Yorùbá rárá. Láti bí ọdún 2013 sí 2014 ni ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń dán kíkọ́ni lédè abínibí wò ní àwọn ilé-ìwé kan, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. (Ẹni tó bá rí àwọn ìwé wọ̀nyẹn yóò rí ɛ àti ɔ níbi tí mo ti kọ ẹ àti ọ, yóò rí sh dípò ṣ, àti kp dípò p. Inú Bíbélì ìyá mi ni mo ti kọ́ kíkà Yorùbá, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti rà á, nítorí náà bí ti àwọn ará ọ̀hún ni ọwọ́ mi ṣe ń kọ ọ́. Bí ó bá di ti ìdánwò, n óò kọ ti ìjọba, n kò wá ìjà.) Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé èmi ni mo ṣe é, èmi yìí kan náà ni n kò sì lè sọ ohun tí mo ṣe. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni láti alẹ́ ọjọ́ náà. Ó kàn rọrùn fún mi láti máa sọ ti èdè ni.

Ẹni tó ru ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá sí kíláàsì tó bá tèmi pín ògiri ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí. ENI Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Aspirant ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹni tí ìjọba ń gbà fún sáà ẹ̀kọ́ láìtíì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ títí ayé. Bí mo bá ń wo bó ṣe ń ṣírò owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù, mo máa ń rántí ìgò epo pupa mi. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwọn ìbejì mi lọ. Ní ọjọ́ kan, ó wá yá ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó bá mi níbi tí mo ti ń bi àwọn ọmọ pé kí ló dín. Ó dúró títí mo fi parí.

Ó ní: "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe yìí ní orúkọ?"

Mo ní kò ní orúkọ, bí a ṣe ń kà á nílé ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní calcul réfléchi ni wọ́n ń pè é; pé ọmọ tó bá ń yọ ogún tó sì ń dá ẹ́ta padà ti mọ̀ pé bí a bá yọ jù, a gbọ́dọ̀ dá ohun tó lé padà, òye yẹn gan-an ni wọ́n sì ń wá; pé ipò rẹ̀ lórí fíṣì wà ṣáájú ìlànà yíyá, kì í ṣe dípò rẹ̀, nítorí pé bí nọ́ńbà bá ti gùn, ọmọ nílò ìlànà tó lè kọ sílẹ̀ ní títò. Ìṣẹ́jú méjì péré ló fi sọ gbogbo rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó lọ. Mo jókòó lórí tábìlì mi, mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbé kiri fún ọdún mẹ́jọ, ọmọ tí mo lè bí ti dáhùn rẹ̀ nígbà tó ń wá ṣọ́ọ̀kì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ìmọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin, Táyéwò, tó wà ní yunifásítì Abomey-Calavi, ní kí n má fi CAP ṣòfò, kí n kúkú lọ gba licence, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, kí n bọ́ sí kátégórì A, kí n sì ṣiṣẹ́ dé ọmọ ọdún 60. Mi ò ní BAC, ìwé-ẹ̀rí ìparí girama tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn parí sí nìyẹn.

Ti ọkọ mi le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe alátakò. Àgbẹ̀ ni, ó sì mọ ìṣirò. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: owó ọkọ̀ láti Kétu dé Pobè ní gbogbo Sátidé fún kíláàsì ìmúrasílẹ̀, owó fọ́tòkọ́pì, owó awò ojú tuntun nítorí èyí tí mo ní kò lè ka ìwé wínníwínní lálẹ́ mọ́, àti Sátidé fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ ọjọ́ tí mo ń bá a ṣètò gàrí fún ọjà. Ó wá kọ ohun tí owó oṣù fi máa lé sí i sí apá kejì, fún ọdún mẹ́fà, àti ohun tó máa kan owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán, iye náà kéré sí ohun tí mo ti rò, ó sì ju ohun tí òun ti rò lọ. Ó yí kàlẹ́ńdà padà sára ògiri. Ó ní: "Ìyá Ìbejì, owó kọ́ lo ń wá. Sọ ohun tí ò ń wá fún mi kí n lè mọ̀ bóyá n óò bá ọ wá a." Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ jẹ́ communautaire nígbà náà, tó ti fẹ̀yìntì báyìí. Ọmọ ọdún 53 lòun gba CAP tirẹ̀. Ìwé tí ó yẹ kó gbé e kúrò ní C lọ sí B wọ ọ́fíìsì kan, ó sì sùn síbẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, wọ́n ní kó mú ẹ̀dà kan wá sí i, ó mú un wá, wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé, títí ọjọ́ ìbí rẹ̀ 55 fi dé bá a ní C. Ó ti fi férémù sí ìwé-ẹ̀rí náà, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ní: "Àbúrò mi, èmi gba CAP, ṣùgbọ́n CAP kò gbà mí." Mo bi í bóyá yóò tún ṣe é bí wọ́n bá dá a padà sí ọmọ ọdún 53. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ iyán mi. Mo jẹ ẹ́ tán, kò dáhùn, ó ń bi mí nípa àwọn ìbejì. Nígbà tí mo dìde láti lọ, mo rí i pé ó nu eruku ojú férémù náà pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

N kò fẹ́ fi ẹ̀rù mi pamọ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí èmi náà, n kò sì ní àǹfààní láti bá ẹnikẹ́ni jà fún un. Ìtìjú tún wà. Kétu la wà, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohun tí obìnrin kan bá ṣe lábẹ́ òrùlé rẹ̀, akọrin Ẹ̀fẹ̀ lè gbé e dé ojú agbo lóru kí ìlú fi rẹ́rìn-ín, ká sì ní kó tún un kọ. Ìyá àgbà tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì níwájú ọmọ tó ń pè é ní Màmá, orin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀ tán. Àti ìrántí: mo ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dúró, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó nígbà kan. Àwọn tó ń sọ pé ọjọ́ orí kì í ṣe nǹkan kan nínú ẹ̀kọ́, n kò mọ ìgbà tí wọ́n ti ka ìwé òfin ilé-ìwé kẹ́yìn ní aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọmọ 50 láti àárọ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dá gbogbo rẹ̀ rò, ohun kan ń padà wá. Ọdún mẹ́ta ni mo ní, ó kéré tán, ìwé tuntun tàbí ti tẹ́lẹ̀. Nínú ọdún mẹ́ta yẹn, wọn yóò tún gbé àwọn ọmọ bí ti bọ́tìnnì kan ṣoṣo yẹn wá fún mi, n óò sì tún bi wọ́n pé kí ló dín. Ọ̀gá ilé-ìwé tuntun lè dé, tàbí olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ láti Pobè, kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì ní kí n dẹ́kun rẹ̀ nítorí pé kò sí lórí fíṣì. Bí mo bá tún sọ pé ó yé wọn, yóò ní kí n dẹ́kun, n óò sì dẹ́kun. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n lè dúró níbẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, lédè Faransé tó gún, kí onítọ̀hún lè gbà tàbí kí ó jà mí níyàn. N kò rí ibòmíràn tí wọ́n ti lè fi agbára mú mi kọ́ èyí ju ìdánwò lọ. Mo mọ ara mi. Bí kò bá sí ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ jókòó níwájú ẹni mẹ́ta, ìwé yẹn yóò wà lórí àpótí títí eku yóò fi jẹ ẹ́.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní ìyẹn yé òun ju ti owó lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n fi gàrí ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fún òun àti Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ ṣàríwísí bí wọ́n bá ṣe yan án.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kó àwọn ìwé mi lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n bá mi fọwọ́ sí àwọn ẹ̀dà wọn fún ìforúkọsílẹ̀. Ọmọ tó jókòó nídìí tábìlì wo CEAP mi, ó wo ìwé ìbí, ó dá ojú dúró níbi "vers 1973", ó gbójú sókè.

"Màmá, ẹ̀yin fúnra yín ni? Kì í ṣe ti ọmọ yín?"

Mo ní èmi fúnra mi ni. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀sán ọjọ́rú ni a kì í ní kíláàsì, ìgbà yẹn sì ni aspirant mi máa ń wá. Ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, eékún rẹ̀ á kan tábìlì, á mú ojú le koko bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, á sì máa pè mí ní Madame. Lánàá, mo kọ́ bẹ́ǹṣì òfìfo ní 32 dín 17 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti ogún lákọ̀ọ́kọ́, ti yíyá lẹ́yìn náà. Ó bi mí pé kí nìdí tó fi yé wọn. Mo dáhùn. Mo rò pé mo dáhùn dáadáa. Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó yọ bíírò kúrò létí.

Ó ní: "Ó kù díẹ̀, Màmá. Ẹ sọ ohun tí ọmọ náà ṣe, ẹ ò tíì sọ ohun tó mọ̀ tó fi lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Mo nu pátákó, mo sì tún kọ 32 àti 17 sí i.